Ìlà Kan Ṣoṣo Tí Mo Ní Nínú Linux

Òórùn ẹja gbígbẹ ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn bó bá ti ń gun àtẹ̀gùn yàrá yẹn. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta pánlá àti ẹja yíyan ló wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà Rye Lane, ní Peckham tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, yàrá tí ẹgbẹ́ Mùsùlùmí wa háyà sì wà lókè rẹ̀ gan-an. Bí o bá dé òkè, òórùn mìíràn á darapọ̀ mọ́ ti ẹja: òórùn eruku gbígbóná tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ máa ń mí jáde bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ọkọ̀ ojú irin á kọjá lẹ́yìn ilé, gíláàsì fèrèsé á gbọ̀n, ife tíì á sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ lórí tábìlì. Títí di òní, bí mo bá kọjá níwájú ẹlẹ́ja yẹn, ojú a máa tì mí kí n tó rántí ìdí rẹ̀. Imú mi ló máa ń kọ́kọ́ rántí.

Ọ̀sán Sátidé ni a máa ń pàdé níbẹ̀. Ẹni tó dá ìpàdé náà sílẹ̀ ni bàbá kan tí gbogbo wa ń pè ní Uncle, tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ wáyà tẹlifóònù kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n a máa gba laptop tí àwọn ọ́fíìsì bá ti kọ̀ sílẹ̀, wọ́n á tú u, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì gbá inú rẹ̀, wọ́n á sì fi Linux sí i. O mọ Linux: ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, tí àwọn ènìyàn káàkiri ayé ń fi àkókò ara wọn ṣe, tí ẹnì kan á máa tún ohun tó bàjẹ́ ṣe fún ẹni tí kò rí rí. Bí Uncle bá parí, wọ́n á gbé e fún ẹni tó bá nílò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń fi lé e lọ́wọ́ wa: "Bó bá yọ ẹ́ lẹ́nu, má bínú sí i. Wá bi wá."

Èmi gan-an ni ọ̀rọ̀ yẹn ń bá wí. Kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ fún ọ, kí o má baà rò pé èèṣì ọjọ́ kan ni. Mo mọ ẹ̀sùn kọ. Yunifásítì ló kọ́ mi bí a ṣe ń to ẹ̀rí léra wọn bí bíríkì. Peckham ló wá fún mi ní ohun tí mo ń fi bíríkì náà kọ́. Nígbà tí ọ̀rinrin bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ògiri yàrá màmá mi, tí dúdú rẹ̀ ń gòkè bí ẹni ń gun àkàbà, tí àwọn tó ń bójú tó ilé náà sì ń sọ fún wa pé kí a kàn máa ṣí fèrèsé, èmi ni mo ń kọ̀wé sí wọn. Nínú lẹ́tà mi, wàá rí ọjọ́ tí mo pè, wákàtí tí mo pè, orúkọ ẹni tó gbé fóònù, iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fi orin dá mi dúró, àti irú orin tó jẹ́. Àwọn aládùúgbò a máa wá bá mi. "Jọ̀ọ́, bá mi kọ tèmi náà. Kí o fi ata sí i o." Mo máa ń fi ata sí i. Inú mi a sì máa dùn bí mo bá ń tún un kà, bí inú alásè ṣe ń dùn sí ọbẹ̀ ọwọ́ ara rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí kọ̀ǹpútà mi àtijọ́ kú, tí Uncle sì fún mi ní ọ̀kan nínú tiwọn, mo ní ohun pàtàkì tí mo fẹ́ fi ṣe. Màmá mi gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni gba ọmọ ìkókó. Wọ́n ṣàdúà sí i. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, àwọn fẹ́ bá mi tọ́jú rẹ̀. "Ohun tí wọ́n bá fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, ìtọ́jú rẹ̀ ni owó rẹ̀." Mo ní ó dáa, mo lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo gbà á padà, ó ń dán.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wàhálà bẹ̀rẹ̀. O mọ ibi pẹlẹbẹ tó wà nísàlẹ̀ kíbọọ̀dù, tí à ń fi ìka wọ́ kí ọfà ojú kọ̀ǹpútà lè rìn, èyí tí wọ́n ń pè ní touchpad. Bí mo bá wọ́ ọ sápá ọ̀tún, ọfà á fò sókè. Bí mo bá gbé ìka kúrò pátápátá, á ṣì máa gbọ̀n bí eṣinṣin tó kó sínú oyin. Mo fara dà á. Ìgbà tí mo wá ń kọ lẹ́tà kẹrin nípa ògiri náà, tí mo ti dé ibi tí mo ti ń ṣàpèjúwe ikọ́ màmá mi, bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe ń pẹ́ tó, ọfà fò, ó gé ìpínrọ̀ kan. Mo dá a padà. Ó tún fò, ó gé ibòmíràn. Títí mo fi rán lẹ́tà náà lọ, n kò mọ̀ pé ìpínrọ̀ ikọ́ kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ìdáhùn tí wọ́n fún wa ni pé a kò sọ pé ẹnikẹ́ni ń ṣàìsàn nínú ilé.

Ìbínú tó bá mi lọ́jọ́ náà, mo ṣì mọ ibi tó ti wọlé sára mi. Uncle ti ní kí n wá bi àwọn. N kò lọ bi ẹnì kankan. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ Linux ní ojú ewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè gbé ẹ̀sùn sí, tí gbogbo ayé lè kà. Wọ́n á fún ẹ̀sùn náà ní nọ́ńbà, ẹni tó ń bójú tó apá ibẹ̀ á sì dáhùn. Mo kọ ẹ̀sùn oníkókó mọ́kànlá. Mo kọ irú laptop tó jẹ́, mo kọ pé ní Peckham ni mo ti gbà á, lọ́wọ́ ẹni tó ń tún wọn ṣe fún àwọn aláìní, mo kọ ohun tó ṣe lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Títí dé kókó kẹjọ, ó dára. Láti ìkẹsàn-án ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ata sí i. Mo ní nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, wọ́n rò pé àwa tálákà kò ní mọ ìyàtọ̀. Mo ní ẹni tí kò bá lè ṣe iṣẹ́ dáadáa, kó yàgò fún ẹni tó lè ṣe é.

Obìnrin kan ló dá mi lóhùn láti ìlú òkèèrè. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ìparí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ló fi ń bójú tó touchpad gbogbo ayé, láìgba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí kò ṣòro láti mọ̀, ó wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀. N kò kà á. Ó ní òun kẹ́dùn nítorí lẹ́tà mi tó bàjẹ́. Ó ní kí n fi ìka kan fa ìlà gbọọrọ, kí n fi àwòrán ohun tí kọ̀ǹpútà rí ránṣẹ́ sí òun. Mo ṣe é. Ó wá kọ̀wé pé: "Ìka kan lo fi fà á, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà rí. Ṣé ohun kankan wà lójú touchpad náà? Omi, òróró, ìdọ̀tí?"

Ìdáhùn tí mo fún un ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, orúkọ mi sì wà lórí rẹ̀. Mo ní: "Ilé Mùsùlùmí ni ilé wa. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún lóòjọ́ ni à ń ṣe àlùwàlá. Bóyá lọ́dọ̀ yín ni ẹ ti ń fi ọwọ́ ìdọ̀tí tẹ kọ̀ǹpútà."

Kò bú mi padà. Ó lọ wá irú laptop náà gan-an rí lọ́wọ́ ojúlùmọ̀ kan, ó dán an wò fún ìparí ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. "Mi ò rí i lórí tèmi," ló kọ, "ṣùgbọ́n mo gbà ọ́ gbọ́." Ẹni tó sọ pé òun gbà mí gbọ́ ni mo pè ní òpùrọ́, ní gbangba, pẹ̀lú ẹ̀rí. Mo to àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, mo fi hàn pé èyí tako tọ̀hún. Mo kọ ọ́ dáadáa, ibi tí wàhálà wà nìyẹn. Ẹ̀sùn tó bá dùn ún kà, àwọn ènìyàn a máa tẹ̀lé e. Àwọn tí kò ní ìṣòro kankan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀rọ̀ mi kiri, wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tún ètò náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹta nítorí tèmi nìkan. Àtúnṣe kẹta mú kí touchpad àwọn mìíràn máa wọ́lẹ̀ bí ìgbín, àwọn yẹn náà wá já lé e lórí, gbólóhùn tèmi ni wọ́n sì fi ń bú u: kó yàgò fún ẹni tó lè ṣe é. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ fún wa níbẹ̀ pé kí a rọra, ẹni tí n kò mọ̀, tó ń lo orúkọ ìnagijẹ. Mo ní kí ó gbẹ́nu dákẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gbé laptop náà lọ sí yàrá òkè ẹlẹ́ja. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí wọ́n bá mi wò ó. Mo fẹ́ dá a padà ni, kí gbogbo ènìyàn sì rí mi bí mo ṣe ń dá a padà. Uncle wà níbẹ̀ pẹ̀lú aunty kan tó ń dirun ní Rye Lane, tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà to orúkọ àwọn oníbàárà.

"Uncle, ẹ kú ọ̀sán, sir. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba nǹkan yín. Kò wúlò."

"Kò wúlò kẹ̀? Jókòó ná. Ṣé o ti jẹun?"

"Mi ò ní jókòó, sir."

"Ta ló ń lé ẹ?"

Aunty onírun bú sẹ́rìn-ín. "Uncle, ẹ ṣọ́ra o. Brother yìí lè kọ̀wé fẹjọ́ yín sun council!"

Uncle wọ gíláàsì wọn. Wọ́n fi ìka wọ́ touchpad náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dúró. Wọ́n gbé e súnmọ́ fèrèsé, wọ́n dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lórí rẹ̀. Wọ́n wá fi èékánná wá igun kan, wọ́n rí i, wọ́n fà á. Ó ń dún ṣììì bó ṣe ń ṣí. Odidi náílọ́nù kan tó mọ́ gaara bí omi ló jáde, tó fẹ̀ tó gbogbo ojú ibi kíbọọ̀dù.

"Kí lèyí?"

Mo súnmọ́ ọn láti wò ó.

"Yéè! Náílọ́nù!" Aunty ti di tábìlì mú. "Wọ́n bò ó bí àga pálọ̀! Ìyá mi náà nìyẹn o. Remote ilé wa ní Nunhead, láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, kò tíì rí afẹ́fẹ́ rí."

Mo mọ ọwọ́ ẹni tó gé e. Aṣọ ni màmá mi fi ọ̀pọ̀ ọdún rán. Wọ́n gé e yí kíbọọ̀dù ká bí ẹni gé ọrùn bùbá, kò wọ́ níbì kankan. Náílọ́nù tó ń lẹ̀ ni, irú èyí tí a fi ń bo ìwé ọmọ iléèwé. Nílé wa, òun ló wà lára gbogbo nǹkan: remote, ẹ̀yìn Kùránì, ojú tábìlì, apá àga. Ojú mi ti mọ́ ọn débi pé kò rí i mọ́. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló há sábẹ́ rẹ̀, lójú touchpad gan-an. Afẹ́fẹ́ yẹn ni ìka kejì àti ìkẹta.

Uncle fi ìka wọ́ ọ. Ọfà náà lọ gbọọrọ, ó dúró síbi tí wọ́n dá a dúró sí. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ká náílọ́nù náà sí mẹ́rin bí ẹni ká aṣọ, wọ́n fi í sí mi lọ́wọ́, wọ́n wá bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ṣé o ti kọ nǹkankan ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe é?"

"Rárá, Uncle. Mi ò kọ nǹkankan."

Wọ́n bọ́ gíláàsì wọn. "Ó dáa," ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́ wọn.

O lè rò pé ibẹ̀ ni ìtìjú náà parí sí. Mo délé, mo bá màmá mi níbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ tó gbẹ, mo ju náílọ́nù náà sórí àga. Mo ní: "Mummy, ẹ wo ohun tí ẹ ṣe! Ẹ ti bà mí jẹ́ lójú gbogbo ayé!"

"Ta ni gbogbo ayé?"

Mo ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọn kò dáwọ́ aṣọ kíká dúró. "Èmi bò ó lọ́jọ́ kan péré. Ìwọ fi ọwọ́ pa á lára fún oṣù mẹ́ta. Nínú àwa méjèèjì, ojú ta ló fọ́?" Wọ́n húkọ́, wọ́n mú aṣọ mìíràn. "Obìnrin tó ń bá ọ wá a kiri, ṣé o ti sọ fún un?"

"Mà á sọ fún un."

"Nígbà wo?"

"Mummy, ẹ jẹ́ n sinmi ná."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi sinmi. Kí n ka ẹ̀sùn ara mi sílẹ̀ bí mo ti máa ń ka ti ẹlòmíràn. Lójoojúmọ́ ni mo ń ṣí ojú ewé náà. Mo rí i tí ó ń kọ̀wé pé òun ṣì ń wá a. Mo rí i tí ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tí touchpad wọn ń wọ́lẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn ní ìgbà púpọ̀, ọfà kò sì fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ètò náà ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu bí ẹrú, èmi ni n kò lè tẹ ohun tó kù. Mo sọ fún ara mi pé ó máa sú u, ó máa pa ẹ̀sùn náà dé, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ó sú u lóòótọ́. Ẹ̀sùn náà kọ́ ló pa dé, iṣẹ́ náà ló fi sílẹ̀. Ó kọ̀wé sí gbogbo ẹgbẹ́ pé òun ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ̀lú ayọ̀ fún ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà tí òun kò lè rí ìdí rẹ̀, bóyá òótọ́ sì ni ohun tí wọ́n ń sọ, kí òun yàgò fún ẹni tó lè ṣe é. Ó kọ gbólóhùn mi síbẹ̀ láìfi ìbínú kankan sí i. Ó ti gbà á gbọ́.

Ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Bí mo bá dákẹ́ títí láé, kò sí ẹni tí yóò mú mi. Ohun tí kò jẹ́ kí n lè jókòó nìyẹn. Gbogbo ìwà tí mo ti ń tọ́ka sí lára àwọn tó ń bójú tó ilé wa, kí wọ́n mọ òótọ́ kí wọ́n sì dákẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí ẹlòmíràn máa húkọ́ nítorí ìdákẹ́jẹ́ wọn, mo ti ṣe é tán pátá.

Mo kọ lẹ́tà tó kúrú jù nínú ayé mi. Mo ní: "Ẹ̀bi mi ni. Náílọ́nù wà lójú touchpad náà láti ọjọ́ kìn-ín-ní. O bi mí, mo sì bú ọ. Mo ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo dákẹ́. Iṣẹ́ rẹ kò ní àbùkù." N kò fi ata sí i, n kò fi iyọ̀ sí i.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lo orúkọ ìnagijẹ, ẹni tí mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́. Láàárín gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tó wà lójú ewé yẹn, Yorùbá ló kọ: "O káre. Láti ọjọ́ Sátidé yẹn ni mo ti ń retí rẹ."

Uncle ni. Irú laptop náà, Peckham, ẹni tó ń tún un ṣe fún aláìní: èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀ ní kókó kìn-ín-ní àti ìkejì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Uncle ti mọ̀. Wọ́n ti ka ohun tí mo sọ sí obìnrin náà, wọ́n ti ka ohun tí mo sọ sí àwọn fúnra wọn, síbẹ̀ wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun. Ìbéèrè tí wọ́n bi mí lẹ́yìn tí wọ́n ṣí náílọ́nù kì í ṣe ìbéèrè. Ilẹ̀kùn ni wọ́n ṣí fún mi, mo sì fi irọ́ tì í mọ́ wọn lójú.

Obìnrin náà dáhùn lọ́jọ́ kejì. "O ṣé tí o sọ fún wa. Má bínú, ó yẹ kí n ti dárúkọ náílọ́nù nígbà tí mo bi ọ́." Òun ló bẹ̀ mí. Mo rò pé bóyá ó máa padà sẹ́nu iṣẹ́ náà, mo tilẹ̀ kọ̀wé bẹ̀ ẹ́. Ó fi ọ̀wọ̀ dúpẹ́, kò padà.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo gun àtẹ̀gùn ẹlẹ́ja náà. Uncle kò jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ tán. "Dìde jàre, eruku wà nílẹ̀. Wá bá mi di ẹ̀gbẹ́ kan èyí mú." Mo dì í mú. Mo ṣì ń lọ. Mo ṣì ń kọ̀wé nípa ògiri màmá mi pẹ̀lú, nítorí dúdú rẹ̀ kò tíì sọ̀ kalẹ̀, ìpínrọ̀ ikọ́ sì ti padà síbi tó yẹ. N kò ronú pìwà dà nínú ẹ̀sùn kíkọ. Ohun tí ó ń tì mí lójú ni pé àwọn tó sá pamọ́ sẹ́yìn orin fóònù, ọwọ́ mi kò tó wọn. Ẹni tó jáde wá dá mi lóhùn ni ọwọ́ mi tó, òun ni mo sì nà, nítorí pé ó dáhùn.

Ẹlòmíràn ló gba iṣẹ́ touchpad náà. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó fi ìlà kan kún ìwé ìtọ́ni tó ń bá Linux yẹn rìn káàkiri ayé: Kí o tó kọ ẹ̀sùn, fi èékánná yẹ igun touchpad rẹ wò bóyá náílọ́nù wà lórí rẹ̀. Kò fi orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ Linux yìí, olúkúlùkù ló ní ohun tó lè nawọ́ sí pé iṣẹ́ ọwọ́ òun nìyí. Uncle ní tiwọn. Obìnrin yẹn ní iṣẹ́ ọdún mẹ́fà. Èmi ní ìlà yẹn. Mo ti kà á síwá sẹ́yìn, bí mo ti máa ń ka gbogbo nǹkan, mo ń wá ibi tí mo lè gbà bá a wí. Kò sí.